Ẹ Jẹ́ Ká Tún Un Kà

Àwọn tó pè mí wá sí Ayọ̀bọ̀, ní Èkó, ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ka jínómù, bí a ṣe ń tún un kà, àti bí a ṣe ń tún àlàyé rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní Yorùbá ni kí n fi sọ ọ́, kí àwọn ìyá wa tó ti ọjà dé lè gbọ́ ọ, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ bàọ́lọ́jì ní ẹ̀yìn yàrá má sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n mo ti gba owó ọkọ̀ wọn, kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí mọ́.

Àbúrò mi obìnrin ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá. Ohun tó kọ nìyí: "Egbon, oko mi ti baje." Kò fi àmì kankan sí i. Mo dì í mú, mo ń wò ó. Ṣé ọkọ rẹ̀ ló bàjẹ́, tó ti ń mutí, tó ń sùn síta? Ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ló dákú sójú títì? Ṣé ọkọ́ tó fi ń ro ẹ̀yìnkùlé ni irin rẹ̀ ti yọ? Àbí oko tó dá sí òdìkejì ààlà wa pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Ògùn ni omi gbé lọ? Mo yáa pè é. Ìyànà-Ìpájà ló wà, ọkọ̀ ló kú, èéfín ń yọ níwájú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tí mo ti ń bínú sí ló wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, tó ń bá a tú nọ́ọ̀tì.

Lẹ́tà mẹ́ta péré: o, k, o. Kò ṣi ọ̀kankan kọ nínú wọn. Foonu mi náà kò ṣì wọ́n gbé. Síbẹ̀ mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ilé onílé jẹ́ nínú ọkàn mi. Ọ̀tọ̀ ni kí lẹ́tà pé, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ohun tí lẹ́tà ń wí. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní wà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sùn, kó mú ìyẹn dání kó tó sùn.

Mo gbé nǹkan méjì wá. Ìgò yìí, omi inú rẹ̀ ni mo bù láti inú táǹkì kan tó ti pẹ́ lóòrùn ní ilé tí mo wọ̀ sí ládùúgbò yìí. Ẹ wo bó ṣe rí ní ìsàlẹ̀: aláwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ọ̀ra ilá. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, òun náà ló ń gbé ènìyàn ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ kànga nígbà òjò. Mo ti wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Oríṣiríṣi nǹkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nínú wọn ni àwọn bakitéríà kan tó ń fi oòrùn dáná oúnjẹ bíi ti ewé. Sayanobakitéríà lorúkọ wọn. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí gbogbo wa ń mí símú nínú yàrá yìí, irú àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ tú u sáyé títí ó fi kún ojú ọ̀run, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ọdún sẹ́yìn. Ìran wọn kan ni sẹ́ẹ̀lì mìíràn gbé mì láyé àtijọ́, tí kò dà á nínú, tó wá di onílé níbẹ̀. Òun ni àwọ̀ ewé inú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, òun ni àwọ̀ ewé inú ewédú.

Bí a sì ti dárúkọ ewédú, nǹkan kejì nìyí: kaun. Mo rà á lọ́jà láàárọ̀ yìí. Ìyá tó tà á fún mi ní òkè Ọya ló ti wá, òótọ́ ló sì sọ. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni kaun ti ń ti etí adágún Chad gba ilẹ̀ Haúsá sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ní Kanem, ní àríwá ìlà-oòrùn adágún náà, àwọn adágún kéékèèké wà láàárín òkìtì iyanrìn. Omi wọn le, ó ta, kaun ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá omi kò lè fara dà á. Ṣùgbọ́n sayanobakitéríà kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló wù ú. Ó rí bí okùn òwú tí a lọ́ bíi sípírìngì, ó sì máa ń pọ̀ débi pé omi á kì bí ọbẹ̀. Àwọn obìnrin Kanembu a máa fi igbá àti agbọ̀n kó o lójú omi, wọn a dà á sórí iyanrìn, iyanrìn a fa omi mu, oòrùn a sá ìyókù, wọn a gé e ní ègé-ègé. Dihé ni wọ́n ń pè é. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi sè, òkèlè ọkà jéró ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́.

Ní 1940, ọmọ Faransé kan, Dangeard, kọ̀wé nípa dihé. Ogun ló wà lójú gbogbo ayé nígbà náà, ta ni yóò ka ìwé nípa ọbẹ̀? Ìgbà tí Jean Léonard, onímọ̀ ewéko ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, bá ìrìn-àjò ìwádìí kan la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ní 1964 sí 1965 ló tún bá a pàdé lọ́jà, ló bá mú un lọ. Sípírúlínà tí wọ́n ń tà nínú ike kékeré ní Èkó lónìí, tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àrùn àfi ìyà, òun náà ni. (Wíwo gbogbo àrùn yẹn, ẹnu ọlọ́jà ni. Pùrótéènì inú rẹ̀ ni kì í ṣe irọ́.) Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Arthrospira platensis. Láti 2019 ni àwọn kan ti kó púpọ̀ nínú ẹbí rẹ̀ sábẹ́ orúkọ tuntun, Limnospira. Ọlọ́jà kò gbọ́, Sípírúlínà ló ṣì wà lára ike.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bù nínú omi kaun Chad wà ní ìpamọ́ ní Japan títí di òní, ní ilé ìwádìí àyíká ti ìjọba wọn ní Tsukuba. Nọ́ńbà ni orúkọ rẹ̀: NIES-39. Ẹ wá wò ó. Láti agbègbè kan ṣoṣo, òkúta kaun gba ọ̀nà gúúsù wá sínú ìkòkò ewédú wa, ẹ̀dá inú omi kaun sì gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ sínú ìgò àwọn ará Japan. Ní 2010, Takatomo Fujisawa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ jínómù NIES-39 jáde. N óò padà síbẹ̀. Kí n tó padà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní kíkà.

Jínómù ni ìwé tó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, èyí tí sẹ́ẹ̀lì ń wò ṣiṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi kọ ọ́: A, C, G, T. Kò sí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, kò sí kọ́mà, kò sí àmì ohùn. Bí lẹ́tà mẹ́rin bá ṣe yín bí ohun tí kò tó nǹkan, ẹ wo odù Ifá. Ìlà mẹ́rin ló wà nínú odù kan, apá ọ̀tún àti apá òsì. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, àmì ọ̀tún lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, ti òsì náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìlà kan lè gbà rí. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, ẹ ó bá 256 odù níbẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń ka lẹ́tà ní mẹ́rin-mẹ́rin, iye ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá jẹ́ 256 gẹ́lẹ́. Mẹ́ta-mẹ́ta ló ń kà, nítorí náà 64 ni. Kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbí kó lọ sọ pé mo ní Ifá ló kọ DNA. Ohun tí mo sọ ni pé àwọn tó ń ka 256 lórí ọpọ́n kò ní ṣòroó kọ́ láti ka 64.

Nínú ọ̀rọ̀ 64 yìí, ATG ló sábà máa ń wí pé "bẹ̀rẹ̀", TAA, TAG àti TGA a sì wí pé "dúró". Ohun tó wà láàárín bẹ̀rẹ̀ àti dúró, tó ń sọ bí a ṣe ń mọ pùrótéènì kan, ni à ń pè ní jíìnì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé ogún ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kan kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sílẹ̀ kó tó kú, gbogbo ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta:

OLU GBA ILE ATI OKO

Olú gba ilé àti oko. Ó yé wa. Adàwékọ kan wá dà á kọ, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó tẹ G lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń kà á kò mọ̀ ju mẹ́ta-mẹ́ta lọ, ohun tí yóò rí nìyí:

OLU GGB AIL EAT IOK O

Olú ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ti lọ, oko ti lọ. Lẹ́tà kan péré ló lé. Nínú sẹ́ẹ̀lì, bí kíkà bá ti yẹ̀ báyìí, kì í pẹ́ kó tó ṣèèṣì kan "dúró" níbi tí kò yẹ kí dúró wà, iṣẹ́ á sì parí láàbọ̀. Ẹ rántí Olú. A ó tún pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Sayanobakitéríà àkọ́kọ́ tí wọ́n ka odindi jínómù rẹ̀ ni Synechocystis 6803. Òun náà ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ láyé, nínú àwọn tó ń fi oòrùn wá oúnjẹ, tí a rí ìwé rẹ̀ kà tán. Takakazu Kaneko, Satoshi Tabata àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí DNA ti Kazusa, ní agbègbè Chiba ní Japan, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1996. Lẹ́tà 3,573,470. Jíìnì 3,168 ni wọ́n kà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà máa ń kọjá létí bí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi mú ẹyọ kan dání: nínú 3,168 yẹn, 1,426 ni kò jọ ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ti rí rí. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ka lẹ́tà wọn, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Báwo ni wọ́n ṣe kà á? Ẹ̀rọ tí yóò ka mílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò sí nígbà náà. Wọ́n á fọ́ DNA sí wẹ́wẹ́, wọ́n á ka wẹ́wẹ́, wọ́n á wá ibi tí ìparí èyí ti bá ìbẹ̀rẹ̀ ìyẹn mu, wọ́n á sì so wọ́n pọ̀. Ẹ fojú inú wo ìwé orin tí ewúrẹ́ fà ya nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí èyí tó ní ẹsẹ kejì lórí, ẹ mọ ibi tí yóò wà. Ṣùgbọ́n ègbè ń kọ́? Ègbè kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo ẹsẹ. Ègé bébà tó jẹ́ kìkì ègbè, ibi mẹ́fà ló lè jẹ́ tirẹ̀. Ohun tó dààmú àwọn tó ka NIES-39 wa ti Chad nìyẹn. Ìwé tirẹ̀ gùn tó mílíọ̀nù 6.8 lẹ́tà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Synechocystis, ègbè inú rẹ̀ àti àwọn ẹ̀ya mìíràn tó ń fò káàkiri ìwé sì gba nǹkan bíi 612,000 lẹ́tà. Wọ́n mọ bí odindi rẹ̀ ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n àlàfo wà nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ ìgbàlódé tó lè ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan náà ni oògùn rẹ̀: ègé tó gùn tó bẹ́ẹ̀ á mú ègbè pẹ̀lú ẹsẹ tó wà lókè àti ẹsẹ tó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí irú àlàfo yìí nìkan la fi ń tún jínómù kà. Ọ̀rọ̀ Synechocystis fi hàn wá pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi dídùn kan ní California ni Riyo Kunisawa ti rí i ní 1968. Wọ́n fi irú rẹ̀ pamọ́ sí Institut Pasteur ní Paris. Ọ̀kan wà ní Amẹ́ríkà. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti yọ irú kan tó ń fara da ṣúgà glucose, àti láti ara ìyẹn ni ti Kazusa ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko mọ bí igi ẹ̀gẹ́ ṣe ń rìn. Àdúgbò kan bu tirẹ̀ fún ìkejì, ìkejì bù fún ìkẹta, lẹ́yìn ogún ọdún, ti oko yìí ti ń tètè ta, ti oko tọ̀hún kò ta mọ́, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ṣì ń jẹ́. Inú ìgò náà kò yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ń pín, ó ń da ìwé rẹ̀ kọ, ọwọ́ ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀dá kékeré yìí máa ń rìn. Ó ní àwọn okùn tín-ínrín tó fi ń fa ara rẹ̀ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ní 2016 ni wọ́n fi hàn pé ara rẹ̀ róbótó náà ló ń ṣiṣẹ́ bí awò ojú: ìmọ́lẹ̀ wọlé láti apá kan, ó kó ara jọ sí apá kejì, sẹ́ẹ̀lì sì mọ apá ibi tí oòrùn wà. Ti Kazusa kò rìn. Ẹ tan iná sí i títí ilẹ̀ á fi mọ́, ojú kan ló máa wà. Nínú ìwé 1996, jíìnì méjì wà tí nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra, slr0162 àti slr0163. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo ibẹ̀ nínú àwọn tó ń rìn, jíìnì kan ṣoṣo ni wọ́n bá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá wọn to okùn ìrìn yẹn. Lẹ́tà kan ló yàtọ̀. Olú nìyẹn! Ìwé ogún rẹ̀ ló já sí méjì, wọ́n wá rò pé ogún méjì ni.

Ta ló jẹ̀bi? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn Kazusa kò ṣì í kà. Ohun tó wà nínú ìgò tiwọn ni wọ́n kà, bó ṣe rí gan-an ni wọ́n kọ ọ́. Ìgò náà ló ti yàtọ̀. Níbòmíràn sì rèé, àwọn lẹ́tà kan wà tí wọ́n ṣì kà lóòótọ́. Ẹni tó ka ìwé lẹ́ẹ̀kan kò lè mọ èyí tó jẹ́ àṣìkà yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ pé ìwé fúnra rẹ̀ ló ti yí padà. Àfi kó tún un kà, kó sì ka ti ará ilé kejì mọ́ ọn. Ní 2011 àti 2012, àwọn onímọ̀ ní Japan àti ní Jámánì tún àwọn ìran Synechocystis kà pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun, ìran kan lẹ́yìn ìkejì. Wọ́n wá lè wí pé: lẹ́tà yìí, ọwọ́ ẹni tó kà á ló gbọ̀n, lẹ́tà yìí, inú ìgò ló ti yí padà. Àwọn kan ti lo ọdún mẹ́wàá lórí ìgò tí wọn kò mọ ìdílé rẹ̀.

A ti sọ̀rọ̀ lẹ́tà tó. Àlàyé ló kù, òun ni mo sì gbà pé ó le jù.

Bí a bá ka lẹ́tà tán, ẹnì kan ní láti fàmì sí i: jíìnì bẹ̀rẹ̀ níbí, ó parí níbí, iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Báwo ló ṣe ń mọ iṣẹ́ jíìnì? Á wò ó bóyá ó jọ ọ̀kan tí ẹnì kan ti ṣàlàyé rí. Bó bá jọ ọ́, á da àlàyé tọ̀hún kọ síbẹ̀. Bí tọ̀hún bá jẹ́ irọ́ ńkọ́? Á da irọ́ náà kọ. Ẹlòmíràn á tún wá da tirẹ̀ kọ lára èyí. Ẹ wo Ìkẹjà tí kò jìnnà sí wa. Ìgbà mélòó lẹ ti gbọ́ ọ pé ìgékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, pé àwọn òyìnbó ló pa Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀ sábẹ́ ìṣàkóso kan tí orúkọ fi jáde? Ẹnu àwọn Àwórì ni orúkọ Ìkẹjà ti wá, ó sì ti wà kí òyìnbó tó mọ ibi tí yóò pín sí ẹkùn ìṣàkóso. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà bá ìtàn náà mu dáadáa, ẹnì kan kọ ọ́, ìwé ìròyìn dà á kọ, olùkọ́ kà á fún ọmọ, ọmọ fi dáhùn ìbéèrè, wọ́n fún un ní máàkì. Báyìí gan-an ni irọ́ ṣe ń rìn nínú àkójọ àlàyé jíìnì, ó sì ṣòro láti lé e bá nítorí pé ẹ̀rí tó ní pọ̀: ibi ogún ni wọ́n ti kọ ọ́, gbogbo wọn ló sì wo ara wọn kọ ọ́.

Ìdàkejì rẹ̀ tún wà, ìyẹn àwọn tí a kò kọ rárá. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá jíìnì máa ń fojú fo àwọn tó bá kéré jù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Wolfgang Hess ní Freiburg, ní Jámánì, nígbà tí wọ́n wo ohun tí Synechocystis ń dà kọ láti inú ìwé rẹ̀ lóòótọ́, rí àwọn kéékèèké tí àlàyé 1996 kò dárúkọ. Ọ̀kan nínú wọn ni AtpΘ. Ẹ̀rọ kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi oòrùn ṣe agbára, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ẹ̀rọ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn, kó máa jẹ agbára tó ti ṣe. AtpΘ ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹnẹrétọ̀ nílé mọ ohun tí mò ń wí: tṣéńjì-ófà ni, èyí tí kì í jẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ gba wáyà NEPA jáde lọ sí àdúgbò. Ẹ̀dá yìí ti ní tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àlàyé wa ni kò sí i nínú.

A ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí láàárín ara wa. Àwọn tó pàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, àlàyé ni wọ́n ń tún ṣe. Àwọn tó tún padà sórí rẹ̀ títí ìjọba fi fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, iṣẹ́ kan náà ni. "Enia" di "ènìyàn", "aiye" di "ayé". Kò sí ẹni tó sọ pé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tó fi àkọtọ́ àtijọ́ kọ̀wé, kò mọ̀wé nítorí ìyẹn. Mo sọ èyí nítorí pé nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo fi ìwé kan han ẹni tó jù mí lọ níbi iṣẹ́, mo ní àlàyé jíìnì kan nínú iṣẹ́ wa kò tọ̀nà. Ó bi mí bóyá èmi ni mo kọ́ àwọn òyìnbó tó kọ ọ́. Mo ká ìwé mi, mo gbọ́ tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn tó kọ ọ́ gan-an tún un ṣe, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tún un ṣe. Ojú kò tì wọ́n. Ọ̀gá mi ni ojú tì.

Ẹnì kan fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ kò sí nílẹ̀ yìí. Ó wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ACEGID, ní Redeemer's University ní Ẹdẹ, ka odindi jínómù kòkòrò Covid-19 tó wà lára aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Nǹkan bíi 30,000 lẹ́tà ni. Ti sayanobakitéríà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkàwé kan náà ni. Nínú ọ̀rọ̀ iṣu ẹ̀wẹ̀, ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn bá àwọn ará Japan ṣe é: wọ́n tẹ jínómù iṣu funfun jáde ní 2017, wọ́n tún un ṣe, nígbà tó sì di 2020, wọ́n fi ti 336 irúgbìn iṣu wé e, wọ́n rí i pé àdàlù iṣu inú igbó àti iṣu ilẹ̀ ọ̀dàn ni iṣu tí à ń gún níyán. Kíkà àkọ́kọ́ nìkan kì bá tí sọ ìyẹn.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rọ kò sí ní Ayọ̀bọ̀, ẹ̀rọ kọ́ ni iṣẹ́ àlàyé ń fẹ́. Lẹ́tà NIES-39 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mílíọ̀nù 6.8 lẹ́tà, bí ẹ bá wà á sórí foonu, kò tó fídíò ìnáwó kan tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ara yín lọ́jọ́ Sátidé. Jíìnì 6,630 ni wọ́n kà nínú rẹ̀ ní 2010, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún sì wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ sí lára pé a kò mọ iṣẹ́ wọn. Ó lé ní 1,400. Ẹ̀dá tí àwọn obìnrin Kanembu ti ń sè jẹ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ DNA, ẹ̀dá tó ń gbé nínú kaun tí à ń fi se ewédú, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí yóò jókòó tì í. Ìjókòó ni iṣẹ́ náà. Ẹ ó mú ẹyọ kan, ẹ ó wo ohun tó jọ, ẹ ó bi í léèrè bóyá ẹni tó dárúkọ èyí tó jọ ti fojú rí i lóòótọ́ tàbí ó wo ibòmíràn kọ ọ́, ẹ ó wo àwọn jíìnì tó bá a gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó wò ó bóyá ibi tí wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Ó lè gba oṣù mẹ́ta kó má sì so èso. Mo ti lo oṣù mẹ́rin lórí ọ̀kan rí, ibi tí mo bá a ni mo fi í sílẹ̀ sí.

Mo ti tẹ nọ́ńbà àwọn jíìnì aláìníṣẹ́ wọ̀nyẹn sórí bébà. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi inú ọ̀rá. Nọ́ńbà kan, àyè kan níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá wù kó mú ẹyọ kan, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí àyè náà, a ó jọ máa kàn sí ara wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí orúkọ yín.